Bàbá Fọ́málíìnì Níwájú Ara Tó Ń Mí

Bàbá Fọ́málíìnì ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń pè é, nítorí òórùn omi tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú kí ó má baà jẹrà. Omi náà ti wọ inú kóòtù funfun rẹ̀, ó ti wọ inú báàgì rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì máa ń sọ pé ó ti wọ inú ìwà rẹ̀ pẹ̀lú. Ọkùnrin náà mọ̀ pé orúkọ òun nìyẹn, kò sì bínú sí i. Ó ní orúkọ tí ọmọ bá sọ olùkọ́ lẹ́yìn, bí kò bá ti sí èébú nínú rẹ̀, ẹ̀bùn ni.

Yàrá ìsàlẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Fèrèsé ibẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bàtà àwọn tó ń kọjá níta nìkan ni ènìyàn lè rí. Àwọn tábìlì onírin tò ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, òkú kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, aṣọ funfun tó lọ́rinrin lórí wọn. Láràárọ̀, kí àwọn ọmọ tó wọlé, Bàbá á yí tábìlì kọ̀ọ̀kan ká, á tún etí aṣọ ṣe, á gbé abẹ sí apá ọ̀tún, á gbé ẹ̀mú sí apá òsì. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ náà ní ètò: awọ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀rá, lẹ́yìn náà ẹran, kí wọ́n tó dé ìdí iṣan àti egungun. Ẹni tó bá fo ìkan nínú wọn, á padà sẹ́yìn. Bí ọmọ kan bá sì fi ìwàǹwára gé ohun tí kò yẹ kí ó gé, Bàbá kì í pariwo mọ́ ọn. Á kàn ní, "Ó dára. Ẹni yìí ò ní fẹjọ́ rẹ sùn. Èyí tí o máa bá ní ilé ìwòsàn, ẹnu rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́."

Kò sí ohun tó wà nínú àgọ́ ara tí wọ́n lè bi í kí ó má mọ̀. Ó lè ki ọwọ́ sínú òkú láìwo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, kí ó sì mú kíndìnrín jáde bí ẹni mú kọ́kọ́rọ́ nínú àpò ara rẹ̀. Bí ó ṣe wà nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni òun á ṣe wà títí òun á fi fẹ̀yìn tì, ìyẹn kò sì jìnnà mọ́.

Nígbà tó yá, olórí ẹ̀ka ránṣẹ́ pè é. Obìnrin ni olórí ẹ̀ka náà, Bàbá fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di abẹ mú nígbà tó wà ní ọmọdé nínú iṣẹ́. Nígbà náà, "ìwọ" ló ń pè é. Láti ọjọ́ tí obìnrin náà ti jókòó sórí àga olórí, "ẹ̀yin" ló kù. Bí Bàbá ṣe fẹ́ràn ètò tó nìyẹn.

"Ẹ jókòó, sà," obìnrin náà sọ.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ ní ìdúró. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ní kí àgbà jókòó gbọ́, ó máa ń wúwo."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹ̀rín náà pẹ́. "Sà, àwọn ọmọ wa ń parí ẹ̀kọ́, wọ́n ń dé ilé ìwòsàn, wọn ò mọ inú ẹni tó wà láàyè. Òkú nìkan ni wọ́n mọ̀."

"Òkú náà ti wà láàyè rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá a pàdé, ó ti dákẹ́."

Ó wá ṣàlàyé. Ilé ẹ̀kọ́ ti ra ẹ̀rọ sikáànù. Láti sáà tó ń bọ̀, ohun tí àwọn ọmọ bá fi abẹ wá rí lára òkú ní òwúrọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ rí i lára ẹni tó ń mí ní ọ̀sán. Olùkọ́ tó bá ń kọ́ wọn ní ìkan ni yóò kọ́ wọn ní èkejì. Kí sáà náà tó bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan yóò kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kan lójú ìgbìmọ̀: yóò fi iṣan ọrùn hàn wọ́n, yóò fi ẹ̀dọ̀ hàn wọ́n, kíndìnrín, àti òróòro. Ẹni tó bá yege, kíláàsì rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀.

"Ẹni tí kò bá yege ńkọ́?"

Ọ̀gá tún àwọn bírò orí tábìlì rẹ̀ tò. "Yàrá ìgò wà, sà. Ó nílò ẹni tó mọ̀wé, tó létò."

Bàbá mọ yàrá ìgò dáadáa. Ibẹ̀ ni wọ́n kó oríṣiríṣi ẹ̀yà ara sí nínú ìgò tó kún fún omi fọ́málíìnì, àkọlé lára ìgò kọ̀ọ̀kan. Yàrá tó mọ́ ni, ó sì tutù. Àwọn ọmọ kì í yà síbẹ̀ àfi bí òjò bá ká wọn mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá kò wá oyè mọ́, kò sì wá ìgbéga. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń fẹ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ náà ni pé kí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì bá òun láàárín àwọn ọmọ, kì í ṣe láàárín ìgò.

Ọmọbìnrin tí wọ́n gbà láti ilé ìwòsàn wá kọ́ àwọn olùkọ́ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ náà lè jẹ́ ẹgbẹ́ àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Àǹtí Sikáànù ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Yàrá tirẹ̀ wà lókè, aṣọ dúdú lójú fèrèsé kí ojú ẹ̀rọ lè mọ́lẹ̀, ibùsùn tóóró kan láàárín. Ó ṣàlàyé fún Bàbá pé ẹ̀rọ náà ń rán ohùn tí etí ènìyàn ò lè gbọ́ wọ inú ara, ohùn náà á sì padà bí gbohùngbohùn ṣe ń padà lára òkè. Bí ó bá ṣe padà ni ẹ̀rọ á fi ya àwòrán: omi á dúdú, egungun á funfun, ẹran á rí bí eérú.

"Àwọn àgbà ní a kì í rí inú ọmọ ènìyàn," Bàbá sọ.

"Wọn ò tíì ní iná mànàmáná ni, sà."

Ọmọkùnrin kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló yọ̀ǹda ara rẹ̀ tó dùbúlẹ̀. Bàbá gba ọwọ́ ẹ̀rọ náà, èyí tí wọ́n ń fi sára, ó sì gbé e sí ọrùn ọmọ náà, síbi tó yẹ gẹ́lẹ́. Iṣan méjì ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí àti èyí tó ń dá a padà, wọ́n sùn ti ara wọn bí ìbejì. Ìkan ṣoṣo ló rí. Ó wò ó títí.

"Ọmọ yìí ṣàrà ọ̀tọ̀," ó wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "Iṣan kan ò sí lọ́rùn rẹ̀."

Ọmọ tó dùbúlẹ̀ la ojú sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ sókè díẹ̀," Àǹtí Sikáànù sọ.

Bàbá gbé ọwọ́ sókè. Lójú ẹ̀rọ, ihò dúdú kejì là lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́, bí ẹnu ọmọ tó fẹ́ yán.

"Ó ti wà níbẹ̀ látẹ̀yìn wá, sà. Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́ pa."

Kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹni tó ti lo ayé rẹ̀ lọ́dọ̀ òkú. Nínú iṣan àwọn òkú yàrá ìsàlẹ̀, wọ́n ti rọ ọ̀dà pupa àti ọ̀dà búlúù sí i, ó sì ti le. Bí ènìyàn tẹ̀ ẹ́, bí kò tẹ̀ ẹ́, bákan náà ló wà. Ọwọ́ Bàbá kò tíì mọ̀ pé ẹran kan wà tó máa ń pa dé bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n bọ́ sí ìdí kíndìnrín. Bàbá gbé ọwọ́ ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà. Òjìji egungun ìhà nìkan ló hàn.

"Kíndìnrín ò sí níbí."

"Ó wà níbẹ̀, sà. Egungun ló bò ó. Ẹ ní kí ó mí."

Bàbá yíjú sí i. "Ta ni kí n sọ fún?"

"Ẹni tó dùbúlẹ̀ ni, sà. Ó ń gbọ́ yín."

Bàbá wú ikọ́. Ó kọjú sí ọmọ náà, ó sì fi ohùn tó fi ń kọ́ kíláàsì sọ pé, "Mí."

"Ó ti ń mí kí á tó dé, sà," Àǹtí sọ. "Ẹ ní kí ó mí kanlẹ̀, kí ó sì dá a dúró."

Bàbá sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, ẹ̀dọ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹran ńlá tó fẹ́ dùbúlẹ̀, ó ti kíndìnrín síwájú, kíndìnrín sì yọ jáde lábẹ́ òjìji egungun, gbogbo rẹ̀ pátá. Bàbá ti kọ́ àìmọye ọmọ pé bí ènìyàn bá mí sínú, awọ tó pín àyà àti ikùn níyà á sọ̀ kalẹ̀, á sì ti àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò rí i rí. Ó dúró, ó ń wò ó.

"Bàbá," Àǹtí Sikáànù sọ, "ẹ jẹ́ kí ó mí o, kí á má baà gbé e lọ sí yàrá yín nísàlẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń gòkè lọ sí yàrá Àǹtí ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Ó ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò yá. Ojú rẹ̀ yára ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì yára ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ fún un á dìde tán, á máa fọwọ́ ra ìhà. Nígbà tí àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ní iṣẹ́ níbòmíràn, Àǹtí yá a ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ fóònù, ó ní kí ó lọ máa fi kọ́wọ́ nílé.

Ìyàwó rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tí ènìyàn lè ṣe níwájú rẹ̀ tí kò ní fún un ní máàkì. Ní òwúrọ̀ Sátidé, kí wọ́n tó jẹun, ó na gbọọrọ sórí àga ìnàyìn nínú pálọ̀, ó ká etí bùbá rẹ̀ sókè díẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, ẹ ò béèrè ibi tí ẹ̀dọ̀ mi wà rí."

"Mo mọ ibi tó wà."

"Ẹ wá a, ká rí i."

Bàbá fi jẹ́ẹ̀lì, omi yíyọ̀ tí ohùn ẹ̀rọ ń gbà wọ inú ara, sí ọwọ́ ẹ̀rọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ìyàwó rẹ̀ ké, ó gbá a lọ́wọ́.

"Bàbá àwọn ọmọ, ara mi nìyẹn o, kì í ṣe páálí."

"Mi ò mọ̀ pé ó le."

"Kì í ṣe líle rẹ̀ nìkan. Ẹ ò sọ fún mi pé ọwọ́ yín ń bọ̀. Ọwọ́ kàn dé ni, bí ọlọ́pàá."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ohun tí ẹ bá fẹ́ ṣe ni kí ẹ sọ."

"Àwọn tí mo máa ń fọwọ́ kàn..."

"Mo mọ̀ wọ́n. Wọn kì í bi yín ní nǹkan kan. Èmi ò tíì kú, ẹ sọ̀rọ̀."

Bàbá jókòó sẹ́yìn. Ó nu ọwọ́ ẹ̀rọ náà, ó tún fi jẹ́ẹ̀lì sí i, ó sì sọ pé, "Mo fẹ́ gbé e sí abẹ́ ìhà rẹ ní ọ̀tún. Ó máa tutù. Bí mo bá tẹ̀ ọ́ jù, sọ."

"Ẹn-ẹ́n. Ẹ ti ń gba máàkì."

Bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò retí: ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Bí ẹni pé ẹnu àti ọwọ́ kò lè wúwo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kí ó mí kanlẹ̀. Ẹ̀dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, òróòro sì wà lábẹ́ rẹ̀, ó dúdú, ó kún, ó tẹ́rẹ́ lọ́rùn bí akèrègbè kékeré.

"Òróòro rẹ nìyí."

"Ṣé abẹ́ ẹ̀dọ̀ ló wà lóòótọ́?"

"Ibẹ̀ náà ni."

"Ìyẹn ni pé gbogbo ọdún tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi ẹ̀dọ̀ lórí òróòro, ẹ ti ṣe é. Mo kàn ń da ara mi láàmú."

Sátidé kan kò kọjá mọ́ kí Bàbá má fi ara ìyàwó rẹ̀ kọ́wọ́. Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò fi máa dé, ó ti lè rí gbogbo ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́, ẹni tó bá sì dùbúlẹ̀ fún un lè sùn lọ.

Ọ̀gá àti olùkọ́ méjì ni ìgbìmọ̀ náà. Ìkan nínú àwọn méjèèjì, egungun ló ń kọ́, èkejì ń kọ́ nípa ọpọlọ. Àwọn ọmọ dúró yí ibùsùn ká nínú yàrá òkè, Àǹtí Sikáànù dúró lẹ́nu ọ̀nà, apá rẹ̀ ká mọ́ àyà, nítorí kò sí nínú ìgbìmọ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ ló dùbúlẹ̀, ọkùnrin fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fẹ́ràn àwàdà. Àǹtí ti kìlọ̀ fún un lálẹ́ àná pé kò gbọdọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ọpọlọ pẹ́ kó tó dé, gbogbo wọn sì dúró dè é.

Bàbá kí awakọ̀ náà. Ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún un. Ó gbé ọwọ́ ẹ̀rọ sí ọrùn rẹ̀, iṣan méjèèjì là kedere, ó sì jẹ́ kí ọmọ kan nínú àwọn ọmọ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí wọ́n lè rí bí ìkan ṣe ń pa dé tí ìkejì kì í pa dé. Ó fi ẹ̀dọ̀ hàn wọ́n. Ó ní kí awakọ̀ mí, kíndìnrín yọ, ó sì ní kí ó tú èémí sílẹ̀ kí ó tó gbàgbé. Olùkọ́ egungun ń mi orí, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ó wá òróòro lọ. Kò rí i. Ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní kí awakọ̀ mí, ó ní kí ó fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Abẹ́ ẹ̀dọ̀ kò ní nǹkan kan bí kò ṣe ẹran aláwọ̀ eérú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, àmì dúdú kan wà, ó rí roboto, ó mọ́ tónítóní. Bàbá mọ̀ ọ́n: iṣan ńlá ni, tí ẹ̀rọ gé àwòrán rẹ̀ ní ìbú. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé ojú olùkọ́ egungun ò lè yà á sọ́tọ̀, ti olùkọ́ ọpọlọ ò lè yà á sọ́tọ̀, ti Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò lè yà á sọ́tọ̀. Kí ó sáà ti ní "Òróòro nìyí", kí ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Bírò Ọ̀gá wà lókè ìwé, ó ń dúró dè é.

"Mi ò rí òróòro," Bàbá sọ.

Àwọn ọmọ wo ara wọn. Wọn ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, òun náà kò sì gbọ́ ọ rí.

Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ síwájú sí ọ̀dọ̀ awakọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

Awakọ̀ wo àjà. "Bàbá, ṣé lójú gbogbo ayé báyìí?"

"Kò sí ìjà níbẹ̀."

"Tíì ni. Tíì onímílíìkì. Wọ́n pẹ́ ni mo ṣe mu ún."

"Tíì nìkan?"

"Búrẹ́dì wà pẹ̀lú rẹ̀."

"Búrẹ́dì lásán?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé búrẹ́dì lásán a máa há ọ̀nà ọ̀fun, sà. Bọ́tà wà lórí rẹ̀."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ṣàlàyé fún wọn pé bí ọ̀rá bá ti dé inú ìfun, òróòro á fún ara rẹ̀, á da omi rẹ̀ jáde láti lọ bá ọ̀rá náà, á sì fún pọ̀ bí àpò tí wọ́n kó nǹkan inú rẹ̀ tán. "Nínú yàrá ìsàlẹ̀," ó wí, "bí a bá wá nǹkan tí a kò rí i, ọwọ́ wa ló gé e dànù. Níbí, bí a kò bá rí i, ó lè jẹ́ pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́." Ó wá fi àmì dúdú roboto yẹn hàn wọ́n. Ó ní, "Èyí fẹ́ jọ ọ́. Ẹnikẹ́ni lè fi tàn yín." Ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ díẹ̀, roboto náà sì na gbọọrọ, ó di ọ̀pá, wọ́n rí i pé iṣan ni. Ọmọbìnrin kan ní kí ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe.

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde, Ọ̀gá pè é sí ọ́fíìsì. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó.

"Sà, ẹ̀kọ́ náà dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n ètò ní kí ẹ fi òróòro hàn."

"Mi ò fi hàn."

"Awakọ̀ ló jẹun. A lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Awakọ̀ jẹun lóòótọ́. Èmi ni ò bi í kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Ọ̀gá wò ó díẹ̀, ó kọ ọ́. Ó ní ìdánwò náà á tún wáyé ní òpin sáà. Títí di ìgbà náà, Àǹtí Sikáànù ló máa ni kíláàsì ọ̀sán. Ẹni tí kò bá sì yege kò lè kọ́ ti òwúrọ̀ ní òun nìkan, gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ ṣe là á kalẹ̀. Ṣùgbọ́n Àǹtí ti béèrè fún igbákejì, fún òwúrọ̀ àti ọ̀sán, ẹni tó sì dárúkọ ni Bàbá.

"Igbákejì," Bàbá tún un sọ. "Ṣé àwọn ọmọ á wà níbẹ̀?"

"Níbo ni wọ́n tún fẹ́ lọ, sà?"

"Mo gbà."

Nílé, ó rò ó fún ìyàwó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ tán, kò dá sí i títí ó fi dé ibi bọ́tà.

"Ẹ lè parọ́."

"Mo lè pa á."

"Ẹ wá di igbákejì ọmọ tí a lè bí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dùn yín?"

"Ó dùn mí." Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò wọ́n sẹ́bàá ìlẹ̀kùn. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí yàrá ìgò ṣe máa dùn mí."

Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, Àǹtí Sikáànù ló di ọwọ́ ẹ̀rọ mú, Bàbá dúró ní òdìkejì ibùsùn láàárín àwọn ọmọ, ó ń sọ ohun tó kàn fún ẹni tó dùbúlẹ̀. Ọmọkùnrin kan na ọwọ́ sí igun ojú ẹ̀rọ, níbi tí nǹkan kékeré kan ti ń gbọ̀n.

"Sà, kí ni ìyẹn?"

Bàbá tẹ̀ síwájú, ó wò ó dáadáa.

"Mi ò tíì mọ̀ ọ́n," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí á bi Àǹtí."